Káàdì Wo Ló Yẹ Kó Jẹ Iná Wa? Ohun Tí Mo Rí Nínú Yàrá Kan ní Ogbe

Tí ènìyàn bá kúrò ní Ring Road nílùú Bìní, tó fi mùsíọ́ọ̀mù àárín rẹ̀ sẹ́yìn, tó sì kọrí sí Airport Road, ẹ̀gbẹ́ ààfin Ọba ni yóò gbà kọjá. Àdúgbò tó yí ààfin náà ká, títí dé ìhà pápá ìṣeré Samuel Ogbemudia, ni wọ́n ń pè ní Ogbe. Láyé àtijọ́, apá ibẹ̀ ni ti àwọn ìjòyè ààfin, àwọn ìjòyè ìlú sì wà ní apá kejì. Lónìí, oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gbé ibẹ̀ pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ, iná wà, torí náà kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Rédíò àti ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé.

Ilé kan tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré náà ni mo ń lọ. Ọmọ Bìní ni bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo lọ bẹ̀ wò, ará Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀, nítorí náà Yorùbá la jọ máa ń sọ. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe jẹun. Àmọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀, ó to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀ fún un.

Màmá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wọlé, ó ti ń retí ẹ láti àárọ̀. Bá mi wo àwọn nǹkan tó ń jẹ yúníìtì mi yẹn dáadáa o."

Yúníìtì tí Màmá dárúkọ yẹn gan-an ni ohun tí mo wá wò. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ran ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ nílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ iye iná tí ìrànlọ́wọ́ náà ń jẹ, kó sì mọ káàdì tó ń fi iná yẹn ṣiṣẹ́ gidi.

Ọ̀wẹ̀ tó kárí ayé

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ìṣirò kan wà tó pọ̀ débi pé ẹ̀rọ yunifásítì kan ṣoṣo lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é kó má parí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á pín in kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ á gba ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á ṣe é, á sì dá èsì padà. Bí àwọn baba wa ṣe ń pe ọ̀wẹ̀ láti fi mọ ilé tàbí ṣán oko náà ni: onílé kan ló ni iṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń gbé e.

SETI@home ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ fún aráyé. Yunifásítì California ní Berkeley gbé e jáde ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1999, láti fi wá àmì ẹ̀dá olóye mìíràn lójú ọ̀run. Ní oṣù kẹwàá 2000, Vijay Pande àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford bẹ̀rẹ̀ Folding@home, tó ń ṣírò bí púrótíìnì inú ara ṣe ń ká àti bí ó ṣe ń mì. Lẹ́yìn náà ni David Anderson ní Berkeley darí kíkọ́ BOINC, ètò tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí jọ ń lò. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, àwọn tó rọ́ wọ Folding@home pọ̀ débi pé, ní oṣù kẹta ọdún náà, àpapọ̀ agbára wọn kọjá exaFLOP kan: ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan láyé tó dé ibẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá. MalariaControl.net, tó wà lábẹ́ Africa@home, ni wọ́n fi ṣírò bí ibà ṣe ń tàn kálẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 2014, ọdún tí Ebola wọ Èkó, ètò ọ̀wẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ World Community Grid bá ilé ìwádìí Scripps gbé Outsmart Ebola Together jáde ní oṣù kejìlá. Ní oṣù kẹwàá 2019, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Africa Rainfall Project ti Yunifásítì Delft ní Netherlands, láti ṣírò bí òjò ṣe ń rọ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, kìlómítà kan sí òmíràn. Ìpínlẹ̀ Ẹdó tí Ogbe wà yìí ló ni Irrua, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá fún ìtọ́jú ibà Lassa wà. Ẹni tó ń gbé irú ibí yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí ìwádìí àrùn fi ṣe pàtàkì fún un.

Ohun tó wà lórí tábìlì

Yàrá náà kò fẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, fáànù àtẹ́lẹ̀ kan sì kọjú sí àwọn kọ̀ǹpútà. Ọ̀rẹ́ mi ti ṣí ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀, kí ooru lè ráyè jáde. Láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ti fi mítà kékeré kan tó ń ka wáàtì sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ má wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ nípa ara rẹ̀. Mítà ara ògiri yìí ni kẹ́ ẹ wò. Kọ̀ǹpútà lè sọ iye tí káàdì ń jẹ fún yín, kò ní sọ ohun tí páwà-sọ́pọ́láì ń fi ṣòfò."

Mo wò ó. Bó ṣe dá iṣẹ́ dúró, nọ́ńbà ojú mítà já wálẹ̀. Bó ṣe ní kó tún bẹ̀rẹ̀, ó gùn sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fáànù káàdì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni owó oore.

Káàdì ayàwòrán, tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní GPU, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún géèmù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka kéékèèké ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe irú ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀kan. Nítorí èyí ni Folding@home fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti 2006. Mẹ́rin ló gbé sórí tábìlì fún mi. RX 580 ti AMD jáde ní 2017: káàdì ńlá, ó wúwo lọ́wọ́, 185 wáàtì. GTX 1650 ti NVIDIA jáde ní 2019: kékeré ni, 75 wáàtì péré, inú ihò tí wọ́n ń fi í sí ló ti ń mu gbogbo iná rẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ kò nílò wáyà mìíràn. RTX 3060 ti 2021 ń jẹ 170 wáàtì. Ìkẹrin, RTX 4060 ti 2023, oníbàárà rẹ̀ kan ló gbà á láyè kó fi dán an wò. 115 wáàtì ni tirẹ̀.

Lórí ìwé àwọn tó ṣe wọ́n, RX 580 lè ṣe nǹkan bí 6.2 TFLOPS, GTX 1650 nǹkan bí 3, RTX 3060 nǹkan bí 12.7, RTX 4060 nǹkan bí 15.1. TFLOPS kan jẹ́ ìṣirò tírílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, GFLOPS kan sì jẹ́ bílíọ̀nù kan. Tí a bá wá pín agbára yẹn sórí wáàtì, ojú ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Wáàtì kan lára RX 580 ń mú nǹkan bí 33 GFLOPS wá, GTX 1650 ń mú 40, RTX 3060 ń mú 75, RTX 4060 sì ń mú 131. Kékeré tí à ń fojú di borí òmìrán 2017 níbi ká fi iná ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó ìdajì ti òmìrán náà.

Ìṣirò yúníìtì Màmá

Yúníìtì kan lórí mítà wa ni kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Fún àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lóòjọ́, iye yúníìtì fò láti ₦68 sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún náà, ó ti wà ní ₦209.50. Iye yẹn la fi ṣe ìṣirò, mo fa pẹ́ńsù yọ, ọ̀rẹ́ mi sì ń pe nọ́ńbà.

Tí káàdì bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́, RX 580 á jẹ yúníìtì 133, ìyẹn nǹkan bí ₦27,900. RTX 3060 á jẹ 122, nǹkan bí ₦25,600. RTX 4060 á jẹ 83, nǹkan bí ₦17,300. GTX 1650 á jẹ 54, nǹkan bí ₦11,300. Owó orí àti iná tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń jẹ kò sí nínú rẹ̀. Ká tó fi RX 580 ṣe iye iṣẹ́ tí RTX 4060 kan lè ṣe lórí ìwé, a óò nílò bíi méjì ààbọ̀ nínú rẹ̀, owó iná á sì súnmọ́ ₦68,000 lóṣù. Káàdì olówó pọ́ọ́kú á ti gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ wa kí ọdún tó yí, ọwọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná ló sì máa gbé e sí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré ló ń fi ṣe é lóòjọ́, iye tí RX 580 á ná an lóṣù kò ju nǹkan bí ₦3,500 lọ, RTX 4060 á ná an ₦2,200. Ìyàtọ̀ bíi ₦1,300 lóṣù kò lè san owó káàdì tuntun láéláé. Wákàtí tí ènìyàn fẹ́ fi sílẹ̀ ló ń pinnu káàdì tó yẹ é: iṣẹ́ ọ̀sán-àti-òru ń béèrè káàdì tuntun tí kì í jẹ iná, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lè gba ohun tó wà nílé.

Ó tún fi ohun kan hàn mí tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó tẹ àṣẹ kan sórí kọ̀ǹpútà tó ní RTX 3060, ó ní kó má jẹ ju 120 wáàtì lọ dípò 170. Iná tí káàdì náà ń jẹ fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dínkù lójú ẹsẹ̀. Mo dúró wo ìwọ̀n iṣẹ́ lójú fèrèsé ètò náà. Ó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò tó bí iná ṣe dínkù. Fáànù rẹ̀ sì rọ̀ débi pé mo gbọ́ ìró ẹ̀fọ́ tí Màmá ń ṣa láti ìta.

"Wọ́n máa ń ti káàdì dé góńgó láti ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè fi yangàn," ló wí. "Iná tó ń jẹ lórí góńgó yẹn pọ̀ ju iṣẹ́ tó ń fi kún un lọ. Èmi kì í jẹ́ kó débẹ̀."

Nígbà tí iná lọ

A wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí tí iná fi lọ. Kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú pọ̀. Fáànù àtẹ́lẹ̀ nìkan ló ń yí, torí pé orí ínfátà ló wà. Kò pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi ń dún ní ojúlé kejì.

Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ náà kò bàjẹ́. Ó ní kò bàjẹ́. Ètò náà máa ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tó bá iṣẹ́ dé látìgbà dé ìgbà. Ohun tó bá ṣe lẹ́yìn àkọsílẹ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni yóò tún ṣe. Bí àkọsílẹ̀ bá jìnnà síra, tí iná sì ń lọ ń bọ̀, iná tí a ti jó á di òfò. Ó ní òun máa ń yan iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ lemọ́lemọ́, tí ọjọ́ ìdápadà rẹ̀ sì gùn. BOINC máa ń fún ènìyàn láyè ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Mo tún béèrè ìdí tí kò fi so wọ́n mọ́ ínfátà. A tún jọ ṣírò rẹ̀. Bátìrì 12V oní-200Ah ní 2,400 wáàtì-wákàtí lórí ìwé. Bátìrì olómi kò yẹ kí a fà á kọjá ìdajì, torí náà 1,200 ló kù. RX 580 nìkan á jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ká má tíì ka ara kọ̀ǹpútà. GTX 1650 lè fi wákàtí 16 jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ iná olóòrùn lèèyàn ní, tí òòrùn sì ti kún bátìrì lọ́sàn-án tán, káàdì kékeré yìí ló lè bá a rìn.

"Ṣùgbọ́n bátìrì tèmi, ti Màmá ni," ló wí. "Gílóòbù àti fáànù wọn ló wà fún. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Mi ò ní tàn án fún iṣẹ́ yìí láé. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju yúníìtì méjì lọ wá. Kí n máa ṣèwádìí àrùn, kí n sì máa fi èéfín pa àwọn tí mo ń gbé pẹ̀lú?"

Nígbà tí iná dé, àwọn ọmọdé kígbe "Up NEPA!" jákèjádò àdúgbò. Ó dúró kí iná náà kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ kó tó tan àwọn kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò wọn gbéra láti ibi tí àkọsílẹ̀ wà.

Máàkì kọ́ ni iṣẹ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi káàdì wọ̀n ni máàkì. Folding@home máa ń fi èrè kún máàkì ẹni tó bá tètè dá iṣẹ́ padà, bí onítọ̀hún bá ti ní kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀, tó ti parí ẹyọ iṣẹ́ mẹ́wàá, tó sì ń dá ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 padà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò èrè yẹn mú kí káàdì tó yára ju èkejì lọ lẹ́ẹ̀mejì gba máàkì tó tó ìlọ́po 2.8 lóòjọ́. Ìdí wà fún un: ìpele tó kàn nínú ìṣirò púrótíìnì ń dúró de èyí tó ṣáájú, ẹni tó bá pẹ́ ń dá ẹlòmíràn dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi máàkì nìkan wọn káàdì á rò pé èyí tó yára dára ju bó ṣe rí gan-an lọ. Aago sì ń ka síwájú nígbà tí iná wa bá lọ. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń wò ni iye ìṣirò tí káàdì parí fún yúníìtì kan, lórí irú iṣẹ́ kan náà.

Irú iṣẹ́ ṣe pàtàkì gan-an. Africa Rainfall Project kò lo GPU rárá, CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣírò òjò kò nílò káàdì kankan. Iṣẹ́ mìíràn wà tó nílò kí nọ́ńbà gùn ní ìlọ́po méjì kí èsì má baà yẹ̀. Níbẹ̀, RX 580 ní ìdá kan nínú 16 agbára rẹ̀, nígbà tí RTX 4060 kò ní ju ìdá kan nínú 64 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé àgbà 2017 yẹn ló ṣáájú: bíi 0.39 TFLOPS sí 0.24. MilkyWay@home, tó ń ṣírò nípa ìràwọ̀, ni wọ́n mọ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí kó tó dá iṣẹ́ GPU dúró ní 2023. Káàdì tó dára jù fún púrótíìnì lè máà jẹ́ òun ló dára jù fún ìràwọ̀.

Lọ́jà tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ káàdì tó dé ọjà wa, tòkunbọ̀ ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, pa ọ̀nà tí wọ́n ń fi GPU wa owó rẹ̀ tì, àìmọye káàdì sì di títà káàkiri ayé. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún púpọ̀ ṣì lè wúlò, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rẹ́ mi yí RX 580 náà padà lójú mi, ó fi sikurudíráfà tú irin orí rẹ̀. Ìpara tí wọ́n fi sáàárín ṣíìpù àti irin ti gbẹ, ó ń ṣí bí èèpá. Ó fi aṣọ àti ọtí nù ún mọ́, ó fi òmíràn sí i, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú fáànù. Ooru káàdì náà wálẹ̀ nígbà tó tún tàn án.

Ó sì kìlọ̀ nípa orúkọ. RX 580 gidi ní ẹ̀ka ìṣirò 2,304. Òmíràn wà tí AMD ṣe fún ọjà Ṣáínà ní 2018, orúkọ náà ló ń jẹ́, 2,048 péré ló sì ní. Àwọn kan tún ń tún inú káàdì àtijọ́ kọ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní tuntun. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní GPU-Z, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè tú àṣírí méjèèjì. Ẹni tó ń tajà tí kò jẹ́ kí a tan káàdì náà wò kí a tó sanwó, ká fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Èwo ni kí ènìyàn rà?

Ìmọ̀ràn mi rèé fún akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bìní (UNIBEN), fún atúnkọ̀ǹpútà-ṣe, fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀wẹ̀ yìí wù. Ẹ kọ́kọ́ yan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ ló ń sọ irú káàdì tó nílò. Ẹ ka wákàtí tí iná gidi ń wà nílé yín. Tó bá jẹ́ wákàtí díẹ̀, ẹ lo káàdì tí ẹ ní, ẹ dín wáàtì rẹ̀ kù, ẹ má ra nǹkan kan. Tí iná olóòrùn tàbí bátìrì bá wà níbẹ̀, káàdì oní-75 wáàtì bíi GTX 1650 ló mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Tí iná bá ń dúró tọ̀sán-tòru, tí ẹ sì fẹ́ ṣe é lọ́dọọdún, ẹ fi owó pamọ́ títí ẹ ó fi ra irú RTX 4060. Òun ló máa fi yúníìtì kan ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo rí.

Oore kékeré kì í ṣòfò níbẹ̀. Ní 2010, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ mìíràn, Einstein@Home, kéde pé kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Iowa àti ti ọkùnrin kan ní Jámánì ló kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ pulsar tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nínú àkójọ ìwífún láti Arecibo. Kọ̀ǹpútà ilé lásán ni wọ́n lò. Kò sí ohun tó sọ pé irú rẹ̀ kò lè ti Ogbe wá.

Àwọn tí iná wọn kì í lọ lè fi káàdì èyíkéyìí ṣe é láìṣírò. Àwa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣirò wa fi gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá wọn iná rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún tó ń bọ̀, tí Màmá á ṣì ní yúníìtì lórí mítà, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà á sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé iṣẹ́ tí wọ́n fún un á padà dé.